"Bá" àti "Ìbá" ní Èbúté Lẹ́kí

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ èdè àjèjì jíròrò lé lórí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ èdè Sípéènì. Èyí kò burú ní ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá kan gbólóhùn tí ó ní "bí" nínú, ọ̀nà náà a máa ṣini lọ́nà. Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ ìgbà tí ó ti kọjá sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ a sì dojú rú fún akẹ́kọ̀ọ́. Lójú tèmi, Yorùbá ni ó yẹ kí a fi ṣe àtẹ̀gùn.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ wa láti Èbúté Lẹ́kí, ní Ìbèjú-Lẹ́kí, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òwò ní oṣù kẹrin ọdún 2023. Níbi tí a ti ń retí ọkọ̀ ojú omi, "bí" kì í wọ́n lẹ́nu ènìyàn. Òṣìṣẹ́ lè wí pé: "Ìbá ṣe pé ọkọ̀ náà ti dé lánàá, à bá ti já ẹrù rẹ̀." Ẹni tí ó gbọ́ mọ̀ pé ọkọ̀ náà kò dé. Ará Sípéènì yóò wí pé: "Si hubiera llegado ayer, lo habríamos descargado." "Hubiera" yìí jẹ́ subjuntivo, ìrísí tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń gbé wọ̀ nígbà tí a kò sọ nǹkan bí òtítọ́ tí ó ti ṣẹ. Iṣẹ́ tí "ìbá" ń ṣe fún wa níhìn-ín ni ó ń ṣe fún wọn.

Ṣùgbọ́n "bá" kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa a máa wí pé "bí ọkọ̀ bá dé" àti "nígbà tí ọkọ̀ bá dé". "Bá" kan náà ni. Ará Sípéènì yà wọ́n sọ́tọ̀: "si llega el barco" ni ti àkọ́kọ́, láìsí subjuntivo, "cuando llegue el barco" ni ti èkejì, subjuntivo sì wà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó bá fi ojú kan wo méjèèjì yóò sọ pé "si llegue", àṣìṣe gbáà sì ni. Nítorí náà, kí olùkọ́ fi "ìbá" la ọ̀nà, kí ó sì fi "bá" kìlọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti ìdánwò lọ. Nígbà tí èbúté náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ojú irin kò dé ibẹ̀. Ẹni tí ó wí pé "bí ojú irin bá dé" ń ṣe ìlérí; ẹni tí ó wí pé "ìbá ṣe pé ojú irin ti dé" ń jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ kan kù. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ wọn lè gba àìṣe ní ìlérí, ní èdè yòówù kí ó máa sọ.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èdè Sípéènì ń béèrè ojú méjèèjì. Ó tó àkókò kí ẹnìkan nínú wa kọ ìwé pẹlẹbẹ tí yóò ti inú Yorùbá kọ́ni ní èdè náà.