Ẹ̀rí Méjì Lórí Ìmìtìtì Ilẹ̀ New Madrid

Àwọn àgbà a máa wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ṣùgbọ́n àfojúbà tí a kò tètè kọ sílẹ̀ ńkọ́?

Ní òru ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1811, ilẹ̀ mì tìtì ní New Madrid, létí odò Mississippi ní Amẹ́ríkà, kò sì dáwọ́ dúró títí wọ ọdún 1812. Ní Louisville, Jared Brooks so àwọn ohun wíwúwo rọ̀ láti fi mọ ìgbà tí ilẹ̀ bá mì. Ìmìtìtì 1,874 ni ó kà títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹta. Eliza Bryan, ará New Madrid, kò kọ lẹ́tà tirẹ̀ títí di ọdún 1816.

Ẹnìkan lè tìtorí ọdún mẹ́rin yìí fojú tín-ín-rín lẹ́tà náà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin yìí dárúkọ ọjọ́ àti wákàtí. Ó ròyìn ariwo bí àrá, òórùn imí ọjọ́ àti igbe àwọn ènìyàn. Nígbà tí ó sọ pé odò ṣàn padà sẹ́yìn, ó fi kún un pé ìméfò lásán ni ohun tí wọ́n sọ pé ó fà á. Brooks fún wa ní iye; Bryan fún wa ní ohun tí ojú rí. Òpìtàn kò gbọdọ̀ sọ ọ̀kan nù nínú wọn.

Ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú, ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1984. Àwọn tí ó ṣojú wọn ṣì wà láàyè. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ tọ̀ wọ́n lọ. Ẹ béèrè wákàtí, kí ẹ sì ya ohun tí wọ́n rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n gbọ́.