Mí àti Mì: Àríwísí lórí Bí A Ṣe Ń Kọ́ Àwọn Ẹ̀yà Ara Ìfọ̀

Ó ti mọ́ àwa olùkọ́ lára láti ya orí ènìyàn sójú pátákó, kí a tọ́ka sí ètè, ahọ́n, àjà ẹnu, àfàsé àti tán-án-ná, bí ẹni pé nítorí ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ni a ṣe dá wọn. Ìbéèrè ìdánwò kì í sì í kọjá bẹ́ẹ̀. Àléébù ni èyí. Iṣẹ́ oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Ọmọ tuntun ti ń gbé ọmú mì kí ó tó mọ 'bàbá' í pè.

A máa ń fi 'gbé òkèlè mì' ṣe àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀-ìṣe tí àbọ̀ ń là láàárín, a ó sì kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìpele méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dárúkọ. Àgbẹ̀ tó ń jẹ àmàlà ní Mọ́níyà tàbí Àkànrán kì í rún òkèlè. Ahọ́n rẹ̀ ni ó ń gbé e: iwájú ahọ́n á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti òkèlè sí káà ọ̀fun. Títí dé ibẹ̀, ó ṣì lè tu ú jáde. Ṣùgbọ́n 'mì' kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àfàsé á gòkè dí ọ̀nà imú, gògóńgò á sún sókè síwájú, ìdérí rẹ̀ á tẹ̀ bò ó, tán-án-ná méjèèjì á pa dé, iṣan ọ̀fun á sì máa fún òkèlè lọ sísàlẹ̀. Fún bí ìṣẹ́jú-àáyá kan, èémí á dúró. 'Mí' àti 'mì', tí a sọ di ìdánrawò ohùn lásán, kò lè ṣẹlẹ̀ pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kan gògóńgò ara rẹ̀, tó sì gbé itọ́ mì, yóò mọ èyí ju ti inú àwòrán lọ.

A kò ní kí olùkọ́ Yorùbá di dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ náà 'rọ'. Ní àwọn abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, bíi ti ibòmíràn nílẹ̀ Yorùbá, rírọ ọmọ ní àgbo tàbí ẹ̀kọ mímu jẹ́ àṣà tó ti pẹ́: a ó tẹ́ ọmọ sórí itan, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, àwọn mìíràn a tún dí i nímú kí ó lè tètè gbé e mì. Ọmọ ń wá èémí, ẹ̀kọ ni a ń dà sí i. Bí ó bá mí nígbà tó yẹ kó mì, ẹ̀kọ á gba kòmóòkun wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pa á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ìyá ọ̀la.

Òwe 'Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run' ńkọ́? Ìkìlọ̀ fún ọ̀kánjúwà nìkan ni a ń pè é. Lójú tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ìkòríta ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí ṣàlàyé rẹ̀ yẹ kó gba máàkì kíkún.