Orúkọ tí a fi Abẹ́rẹ́ Kọ

Àwọn baba wa a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn ní ọjọ́ tí a jókòó ti ẹbí kan ní Ṣàpọ́n, nígbà tí wọ́n ń pín ẹrù ìyá wọn àgbà tí ó ti sùn nínú Olúwa. Ní ìsàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ àwọn ìró àti ìborùn, wọ́n rí ègé aṣọ funfun kan tí ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. A fi òwú pupa kọ lẹ́tà sí i láti A dé Z, àti orúkọ ìsàmì obìnrin kan ṣoṣo. Kò sí orúkọ baba, kò sí ọdún. Àwọn àgbà ilé wo ara wọn lójú. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ìyá ìyá wọn ni, tàbí àlejò tí ó wọ̀ sí ilé wọn rí. Kí a tó dìde, ọmọdé kan ti ń fi aṣọ náà nu àga.

Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni àwa yóò pè ní aṣọ àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ọmọbìnrin fi ń kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́, òun náà ni ó sì fi ń hàn pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí: ǹjẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀ lè sọ ìtàn ìdílé fún ni?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sọ ọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀kan tí Jane Bostocke ṣe ní ọdún 1598. Pẹ̀lú òdòdó àti ẹranko tí ó kọ sí i, ó fi abẹ́rẹ́ kọ ọ́ pé a bí Alice Lee ní ọjọ́ 23 oṣù November, ọdún 1596, ó sì fi kún un pé ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Òmíràn tún wà níbẹ̀, tí Elizabeth Parker, ọmọ ọ̀dọ̀ kan láti Sussex, ṣe ní nǹkan bí ọdún 1830. Kò sí òdòdó lórí tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀, òwú pupa lórí aṣọ ọ̀gbọ̀: ìyà tí ó jẹ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ìdánwò àtipa ara rẹ̀, àti ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sí Ọlọ́run. Ó dá ọ̀rọ̀ náà dúró láìparí, níbi tí ó ti ń béèrè ohun tí yóò di ti ọkàn òun. Aṣọ èkíní sọ nípa ọmọ fún ìdílé. Èkejì sọ nípa ara rẹ̀ fún Ẹlẹ́dàá. Nínú méjèèjì, ẹni tí ó di abẹ́rẹ́ mú ní ohun tí ó fẹ́ wí.

Láti àwọn ọdún 1820 lọ ni ẹ̀kọ́ yìí ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S. ní Sàró, láàárín àwọn ọmọbìnrin tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Púpọ̀ nínú àwọn tí a gbà bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá, àwọn kan nínú wọn ni ó sì padà sí Abẹ́òkúta yìí láti nǹkan bí ọdún 1839. Díẹ̀ nínú aṣọ àpẹẹrẹ àwọn ọmọbìnrin Sàró náà ṣì wà di òní. Bí a bá fi ojú ọlọ́nà wò wọ́n, ìyìn ni ó tọ́ sí wọn, nítorí òwú kéékèèké tí ó dábùú ara wọn bí àgbélébùú kò fi ààyè sílẹ̀ fún ọwọ́ tí ó ń gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú ìtàn ìdílé wò wọ́n, ìdajì ẹ̀rí ni wọ́n jẹ́. A fi wọ́n ránṣẹ́ sí òkè òkun kí àwọn olóore lè rí èso owó wọn. Ẹni tí yóò kà wọ́n kì í ṣe ará ilé ọmọ náà. Ẹsẹ Ìwé Mímọ́ tí ó wà lórí wọn jẹ́ èyí tí a yàn fún ọmọ. Orúkọ pàápàá, nígbà púpọ̀, olóore tí ó ń sanwó ìtọ́jú rẹ̀ ni ó yàn án, láì mọ ilé tí a ti bí i. A kò wí èyí láti gan àwọn tí ó mú ìyìn rere wá. Láti ọwọ́ wọn ni àwa náà ti mọ ìwé. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò gbọdọ̀ ṣọ̀wọ́n lẹ́nu oníwàásù.

Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni a fi sàmì fún un, ṣùgbọ́n kò sọ Àjàyí nù. Nígbà tí ó tún rí Afálà ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní oṣù August ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n, ọmọ tí ìyá náà ti sunkún rẹ̀ ni Àjàyí. Bí ó bá jẹ́ pé aṣọ àpẹẹrẹ nìkan ni ó dé ọwọ́ ìyá bẹ́ẹ̀, kí ni ìbá fi mọ̀ pé ọmọ òun ni ó rán an?

Àwọn kan yóò wí pé àwa kò nílò aṣọ tí ń sọ̀rọ̀, nítorí a ní oríkì. Òtítọ́ ni, oríkì mọ ohun tí aṣọ àpẹẹrẹ kò mọ̀: ìlú, orírun, ìyá tí ó bí ìyá. Ṣùgbọ́n ẹnu ni ó ń gbé e, ẹnu a sì máa kú. Àwọn mìíràn yóò tọ́ka sí adìrẹ wa ní Ìtòkú. Adìrẹ náà a máa pa ìtàn mọ́. Ní ọdún 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, àwọn aládìrẹ ilẹ̀ Yorùbá ya àwòrán òun àti ayaba rẹ̀ sí aṣọ. Aṣọ náà ń rántí ọba tí kò dé ọjà wa rí, ṣùgbọ́n a mọ orúkọ ọnà adìrẹ ju orúkọ ìyá tí ó rẹ ẹ́ nínú aró lọ.

Nítorí náà, ìdájọ́ wa ni pé abẹ́rẹ́ mọ ọjọ́, kò mọ ilé; oríkì mọ ilé, kò mọ ọjọ́. Ó yẹ kí a so wọ́n pọ̀. Kí olúkúlùkù ìdílé ṣí àpótí nígbà tí àwọn ìyá ṣì lè sọ̀rọ̀. Kí a bi wọ́n léèrè ẹni tí ó ni aṣọ kọ̀ọ̀kan, bóyá ará Kémta ni tàbí Ìgbẹ̀in, ta ni ìyá rẹ̀, kí ni oríkì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a fi òwú kọ ọ́ sí ègé aṣọ kékeré, pẹ̀lú ọdún, kí a sì rán an mọ́ etí aṣọ náà. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni.

Nígbà tí Ọlọ́run pàṣẹ aṣọ fún Áárónì, kò ní kí a kọ orúkọ àjèjì sí òkúta ìgbàyà rẹ̀. Orúkọ ẹ̀yà méjèèjìlá ni, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, kí àlùfáà lè máa gbé wọn ní àyà wọ ibi mímọ́. Obìnrin tí a rí orúkọ rẹ̀ ní Ṣàpọ́n yẹ fún irú ọlá bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ìbá fi í fún un, bí wọ́n bá mọ̀ pé tiwọn ni.