Ojú Ni Wọ́n Fi Ṣeré Nínú Ogun Algiers

Bí a bá dárúkọ fíìmù ogun tó kan mùsùlùmí, èyí tí yóò kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn láti ayé kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni méjì tí Moustapha Akkad ṣe: èyí tó sọ bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Mẹ́kà, àti èyí tó sọ ìtàn Omar Mukhtar ti ilẹ̀ Líbíà. Fíìmù rere ni méjèèjì, Anthony Quinn sì ṣe bí akọni nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta wọn wà, tó tilẹ̀ dàgbà jù wọ́n lọ, tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Òun ni Ogun Algiers, tí àwọn olóyìnbó ń pè ní The Battle of Algiers, tí Gillo Pontecorvo, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, darí ní 1966.

Dúdú òun funfun ni àwòrán rẹ̀. Kò sí ẹṣin tí ń sáré nínú aṣálẹ̀, kò sì sí gbajúmọ̀ òṣèré tí a lè tìtorí rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó máa ń kọ̀wé nípa rẹ̀ a máa yin kámẹ́rà Marcello Gatti, tó mú kí gbogbo rẹ̀ dà bí ìròyìn tí wọ́n yà lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kò yá àwòrán ìròyìn kankan lò nínú rẹ̀. Wọn a tún yin orin Ennio Morricone. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ eré ṣíṣe, wọn a ní ará ìlú lásán ni wọ́n kó jọ, pé kí a má wá òṣèré níbẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Eré tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ṣe ni ó gbé fíìmù náà dúró, ojú ni wọ́n sì fi ṣe é ju ẹnu lọ.

Fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò mọ ìtàn náà, ní 1830 ni Faransé fi ogun wọ ìlú Algiers. Ní November 1954, ẹgbẹ́ FLN bẹ̀rẹ̀ ìjà òmìnira. Ní 1956 ìjà náà gbóná ní Algiers fúnra rẹ̀, pàápàá ní Casbah, àdúgbò àtijọ́ tí àwọn mùsùlùmí ń gbé, tí ọ̀nà rẹ̀ há, tó sì kún fún àtẹ̀gùn. Ní January 1957, ìjọba Faransé fa ìlú náà lé àwọn sójà tí ń fi agbòòrùn fò láti inú bàálù lọ́wọ́. Kí ọdún náà tó parí, àwọn sójà ti fọ́ ẹgbẹ́ náà túútúú ní ìlú. Síbẹ̀ Àlùjẹ́ríà gba òmìnira ní July 1962.

Ẹni tí a kọ́kọ́ tẹ̀ lé nínú ìtàn náà ni Ali la Pointe. Ẹni tó ṣe é ni Brahim Haggiag, àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé, tí Pontecorvo rí nínú ọjà ní Algiers. Ali kò bẹ̀rẹ̀ bí ẹni rere. Oníjìbìtì ni, ẹni tí ń fi káàdì gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn lójú títì. Ó dé ẹ̀wọ̀n, níbẹ̀ ni ó sì ti gbójú sí fèrèsé nígbà tí wọ́n ń mú ẹlẹ́wọ̀n kan lọ sí ibi ẹ̀rọ tí ń bẹ́ni lórí. Ọkùnrin náà ń ké Allāhu Akbar bó ti ń lọ. Haggiag kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Kò sunkún, kò di ìkúùkù, kò gbọn orí. Ó kàn ń wò ni. Nígbà tí irin náà já bọ́, kámẹ́rà sáré lọ bá ẹyinjú rẹ̀, a sì rí i pé ẹni tó wọ ẹ̀wọ̀n kọ́ ni yóò jáde. Mo ti rí òṣèré tó kàwé gboyè tí yóò fi odindi ojú ewé ọ̀rọ̀ ṣe ohun tí ọkùnrin yìí fi ojú lásán ṣe.

Ẹ tún wò ó níbi tí wọ́n ti dán an wò. Wọ́n ní kí ó yìnbọn pa ọlọ́pàá kan láti ẹ̀yìn, ọmọbìnrin kan yóò sì gbé ìbọn fún un lójú ọ̀nà. Kàkà kó yìn ín láti ẹ̀yìn, ó lọ dúró níwájú ọlọ́pàá náà kí ó lè rí ẹni tí yóò pa á, ó fa ìbọn, ìbọn kò dún. Òfìfo ni wọ́n gbé fún un. Ìbínú tó wà lójú Haggiag lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe ìbínú jagunjagun o, ìbínú ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, bí ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ rán níṣẹ́ asán. Lóòótọ́, níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gùn, ara rẹ̀ a máa le. Pontecorvo mọ èyí, kò sì bu ọ̀rọ̀ fún un púpọ̀.

Ẹnìkan ṣoṣo ni ó kọ́ṣẹ́ òṣèré nínú àwọn tó kó ipa ńlá, ọ̀tá ni wọ́n sì ní kó ṣe. Jean Martin, ọmọ Faransé, ni ó ṣe Kánẹ́ẹ̀lì Mathieu, olórí àwọn sójà náà. Martin wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ ṣe Waiting for Godot ní Paris ní 1953. Ní 1960 ó fọwọ́ sí ìwé tí àwọn 121 kọ láti tako ogun Àlùjẹ́ríà, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí èyí. Ẹ rò ó wò: ẹni tó pàdánù iṣẹ́ nítorí pé ó kórìíra ogun ni wọ́n pè pé kó wá di ojú ogun náà. Ìbá rọrùn fún un láti ṣe Mathieu bí ẹranko. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mathieu tirẹ̀ jẹ́ ọmọlúàbí ní ìrísí, ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ó wọ jígí dúdú, ó ń rìn níwájú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ bí ọkọ ìyàwó. Nígbà tí àwọn oníròyìn ń bi í nípa ìdálóró, kò jiyàn, kò sì bínú. Ó dá ìbéèrè padà fún wọn: ṣé kí Faransé dúró ní Àlùjẹ́ríà? Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gba gbogbo ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ohùn olùkọ́ tí ń ṣàlàyé ìṣirò ni ó fi sọ ọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni a rí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: iná mànàmáná, omi, iná tí wọ́n fi jó ara ènìyàn, láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan, orin bíi ti inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni a ń gbọ́. Ìkà tí ń pariwo rọrùn láti kórìíra, ṣùgbọ́n èyí tí Martin ṣe yìí ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní August 2003, wọ́n fi fíìmù yìí han àwọn ológun Amẹ́ríkà ní Pentagon, lẹ́yìn tí wọ́n ti wọ Ìráàkì. N bá fẹ́ mọ ojú tí wọ́n fi wo Mathieu.

Martin náà ni ó wà lórí ìjókòó nígbà tí àwọn oníròyìn gbọ́ pé Larbi Ben M'hidi, ọ̀kan nínú àwọn olórí FLN, pa ara rẹ̀ nínú àtìmọ́lé. Mathieu yin òkú náà fún ìgboyà rẹ̀. Ẹ wo ojú Martin níbẹ̀ dáadáa. Ní 1966 tí wọ́n ṣe fíìmù náà, ohun tí ìjọba Faransé ń sọ ni pé Ben M'hidi pa ara rẹ̀ ní March 1957. Ní 2001 ni Jẹ́nẹ́rà Aussaresses kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ni àwọn pa á, ní November 2024 ni ààrẹ Faransé sì tó jẹ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Ojú òṣèré kan ti sọ ọ́ ṣáájú wọn.

Mo ń bọ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára jù. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní August 1956, bọ́ǹbù tí àwọn ará Faransé gbé wọ Casbah wó ilé mọ́ àwọn tó ń sùn ní òpópó Thèbes. A rí òkú ọmọdé tí wọ́n ń gbé jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin mẹ́ta dúró níwájú jígí, tí wọ́n ń gé irun, tí wọ́n ń kun ètè, tí wọ́n ń wọṣọ bí òyìnbó, kí wọ́n lè gbé bọ́ǹbù kọjá lọ́dọ̀ àwọn sójà. Ọ̀rọ̀ wà nínú ìran yìí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Pontecorvo yọ ọ́ kúrò, ó fi ìlù ilẹ̀ wọn rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyí tí ojú àwọn obìnrin náà fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ń gé irun rẹ̀ kò gé e bí ẹni tí ń lọ síbi ayẹyẹ, ó ń wo irun tó ń bọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ohun kan ti tán.

Ọ̀kan nínú wọn wọ ilé ìtajà tí wọ́n ti ń jẹ áìsìkiríìmù. Ó jókòó, ó fi ẹsẹ̀ ti àpò náà sábẹ́. Lẹ́yìn náà ó wò yíká. Ọmọ kékeré kan ń lá áìsìkiríìmù. Kámẹ́rà ń bá ojú rẹ̀ lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, a sì mọ̀ pé òun náà mọ̀. Kò sunkún. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo agogo, ó dìde, ó lọ. Bọ́ǹbù dún, nígbà tí wọ́n sì ń gbé àwọn òkú òyìnbó jáde, orin kan náà tí wọ́n fi sin àwọn ọmọdé òpópó Thèbes ni wọ́n tún kọ.

Ọ̀dọ́ mùsùlùmí tó bá pàtẹ́wọ́ níbí yìí, kò wo obìnrin náà. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ̀ fún wa láti pa obìnrin àti ọmọdé lójú ogun, kò sì fi kún un pé àyàfi bí ọ̀tá bá kọ́kọ́ pa tiwa. Fíìmù náà kò wàásù èyí fún wa. Ó gbé ojú kan síwájú wa tó gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀: òkú tí wọ́n gbé jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ tó wà níwájú rẹ̀, àti ohun tó fẹ́ ṣe. Kò sí èyí tó fò dá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí wọ́n bá ní kí n mú eré kan ṣoṣo nínú fíìmù náà, òun ni n ó mú, ṣáájú Haggiag àti ṣáájú Martin.

Àwọn kan yóò ní kí n mú Saadi Yacef, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Òun gan-an ni olórí àwọn ajàjàgbara FLN ní Algiers. Wọ́n mú un ní September 24, 1957, wọ́n dájọ́ ikú fún un, ó kọ ìwé nínú ẹ̀wọ̀n, De Gaulle sì fi ẹ̀mí rẹ̀ jì í. Nígbà tí òmìnira dé, òun ló wá adarí lọ sí Ítálì, ó sì ṣe ipa tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lábẹ́ orúkọ Jaffar. Ó kú ní 2021. Bí òṣèré, kò ju ẹni tó ń gbìyànjú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti jáde wá láti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn sójà. Ta ni nínú wa tí yóò gbà láti tún ìṣẹ́gun tí ọ̀tá ní lórí rẹ̀ ṣe níwájú kámẹ́rà? Kò bu iyì kún un, kò sì wá àwáwí. Petit Omar, ọmọ ọdún 13 tó kú pẹ̀lú Ali ní October 8, 1957, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ni. Ọmọ mìíràn, Mohamed Ben Kassen, ni ó ṣe é, ìgbà tó já gbohùngbohùn gbà lọ́wọ́ àwọn sójà tó sì ń fi ki àwọn ènìyàn láyà lásìkò ìdaṣẹ́sílẹ̀ dùn ún wò púpọ̀. Ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí Mathieu bá dúró níta ògiri tí ń bẹ Ali pé kó jẹ́ kí ọmọ náà ó kéré tán jáde, tí kò sẹ́ni tó dáhùn nínú ihò náà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́kọ́ wò ó kí ẹ tó pe àwọn ọmọ. Ìdálóró wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibì kan tún wà tí àwọn ọmọdé ti ń wọ́ ọ̀mùtí kan lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nítorí pé FLN ti ka ọtí léèwọ̀. Ó yẹ kí a bá àwọn ọmọ wa jíròrò bóyá bí a ti ń ṣe ìkìlọ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn ikú Ali, ẹni tó bá rò pé ó ti parí yóò ṣìnà, nítorí fíìmù náà fò lọ sí December 1960. Gbogbo ìlú ti jáde, èéfín bo títì, òṣìṣẹ́ Faransé kan ń pariwo pé kí ni wọ́n ń fẹ́. Obìnrin kan tí a kò rí rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó jáde láàárín wọn, ó ń jó pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́. Wọ́n tì í sẹ́yìn, ó tún wá síwájú, wọ́n tún tì í, ó tún wá.