Ìfìwàwẹ̀dá Ọbabìnrin àti Ọ̀ràn Ẹbí nínú “Ọmọbìnrin Ọ̀gágun” ti Pushkin

Ọ̀tẹ̀ tí Pugachev dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà láàrin 1773 sí 1775 ni Alexander Pushkin gbé ìtàn àròsọ rẹ̀, “Ọmọbìnrin Ọ̀gágun” (1836), kà. Ogun ni ó hàn síta nínú ìtàn náà, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ẹbí ni ó wà nídìí rẹ̀.

Ní odi Belogorsk, Vasilisa, ìyàwó ọ̀gágun Mironov, ni ó ń pàṣẹ nílé, òun náà ni ó sì ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ-ogun. Òǹkọ̀wé fi èyí pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ so ọkọ rẹ̀ kọ́, tí Vasilisa rí òkú rẹ̀ tí ó sì figbe ta, wọ́n fi idà pa òun náà. Báyìí ni Masha, ọmọ wọn, di ọmọ òrukàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹni méjì ni ó gba ipò òbí rẹ̀. Pugachev gbà á lọ́wọ́ Shvabrin tí ó fẹ́ fi ipá fẹ́ ẹ, ó sì ní òun yóò dúró gẹ́gẹ́ bíi bàbá níbi ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú Grinyov. Nígbà tí ìjọba dá Grinyov lẹ́bi pé ó bá ọlọ̀tẹ̀ mulẹ̀, Masha lọ sí Tsarskoye Selo láti tọrọ àánú. Obìnrin kan tí ó wọ aṣọ funfun, tí ajá kékeré kan wà pẹ̀lú rẹ̀, ni ó bá pàdé nínú ọgbà. Inú kọ́kọ́ bí obìnrin náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Masha tán, ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ọbabìnrin Catherine Kejì ni. Ó dárí ji Grinyov, ó sì ṣe ìlérí láti pèsè fún ọmọ òrukàn náà.

Níbí ni ọgbọ́n Pushkin ti hàn. Peter Kẹta ni Pugachev ń pe ara rẹ̀, èyíinì ni ọkọ Catherine, tí ìyàwó rẹ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1762, tí ó sì kú láìpẹ́ sí i. Nítorí náà, ayédèrú ọkọ àti ojúlówó aya tí wọ́n ń bá ara wọn jagun ni ó jọ kọ́ ilé fún ọ̀dọ́ méjì láìmọ̀. Catherine di ìyá fún ọmọ ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n òǹkàwé kò rí ẹbí tirẹ̀ rárá.

Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Nicholas Kìíní, ọmọ-ọmọ Catherine, ni ó ń yẹ iṣẹ́ Pushkin wò fúnra rẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé ẹwà ni òǹkọ̀wé fi hàn, tí kò sì sọ bí Peter ṣe pàdánù oyè. Síbẹ̀, orúkọ tí Pugachev ń jẹ́ ń rán òǹkàwé létí iná náà. Bákan náà, àánú ni ó gba Grinyov là, kì í ṣe ìdájọ́. Bí Masha kò bá pàdé Ọbabìnrin nínú ọgbà, aláìṣẹ̀ ni ìbá ṣègbé. Ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí bí oríkì ọba nìkan, ìdajì rẹ̀ ni ó kà.