Àlétúnlé

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòṣe ilé, láti mọ bí ooru àti afẹ́fẹ́ yóò ṣe rí nínú rẹ̀, kò di àáké mú rí. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n dárúkọ ọ̀gá iṣẹ́ yìí, agbẹ́gilére ará Òsì kan ni n ó dárúkọ: Bándélé, ọmọ Àreògún. Kì í ṣe bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọ̀ṣámúkò, ọmọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ni. Nígbà tí àwọn Fadá Kátólíìkì dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì ní 1947, Bándélé di ọ̀gá níbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì ni Lámidì Fákẹ́yẹ láti Ìlá Ọ̀ràngún ti kọ́ṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí òun náà sí. Fadá Kevin Carroll, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, kọ ìpele iṣẹ́ wọn sínú ìwé rẹ̀ ti 1967. Mẹ́rin ni: ọnà lílé, tí wọ́n fi ń gé igi sí ìrísí ńlá, àlétúnlé, tí wọ́n fi ń pín ìrísí ńlá yẹn sí kéékèèké, dídán, lẹ́yìn náà fínfín, tí ọ̀bẹ fi ń ya ojú, irun àti ilà. Èkejì ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn, òun náà sì ni ọgbọ́n àtọwọ́dá òde òní máa ń fò.

EnergyPlus, ètò kọ̀ǹpútà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2001, máa ń ṣírò ooru tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde lára ògiri, òrùlé àti fèrèsé kọ̀ọ̀kan, wákàtí dé wákàtí, fún odidi ọdún. Ìyẹn ń gba àsìkò. Nítorí náà, wọ́n á jẹ́ kó ṣírò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé, wọ́n á kó èsì rẹ̀ fún ọgbọ́n àtọwọ́dá láti fi kẹ́kọ̀ọ́, òun á sì máa dáhùn kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyára. Irú ilé tí wọ́n fi kọ́ ọ ni mo ń bèèrè. Bó bá jẹ́ ọ́fíìsì onígíláàsì àti ilé ìlú olótùútù ló pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí ẹ wá bi í nípa ilé alámọ̀ onípáànù ní Ìlọ́fà, tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín ògiri àti òrùlé kọjá, kò ní sọ pé òun kò mọ̀. Nọ́ńbà ni yóò kó fún yín, àti àwòrán pupa òun búlúù tó ń dán gbinrin. Fínfín nìyẹn, lórí igi tí ẹnikẹ́ni kò tíì lé.

Ohun tí mo ń pè ní àlétúnlé nínú iṣẹ́ tiwa ni gbígbé tẹ̀mómítà tó ń ṣe àkọsílẹ̀ sínú yàrá gidi, kí á wá fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá àwòṣe wí. Gbogbo oníṣẹ́ ló mọ ìyẹn. Èyí tí kì í tètè yé ènìyàn ni pé títóbi àṣìṣe kò ṣe pàtàkì tó aago àṣìṣe. Páànù kì í pẹ́ gbóná. Bí àwòṣe bá yà kúrò lọ́dọ̀ tẹ̀mómítà ní aago méjì ọ̀sán, òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, nítorí oòrùn máa ń gba orí Òsì àti Ìlọ́fà gan-an kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nínú oṣù Kẹrin àti ní ìparí oṣù Kẹjọ. Ògiri amọ̀ tó nípọn tó sẹ̀ntímítà 30 kì í kánjú ní tirẹ̀: ooru tó gbà ní aago mẹ́ta ọ̀sán lè pẹ́ tó wákàtí mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá kó tó yọ sínú yàrá. Àṣìṣe tó bá hàn lọ́gànjọ́, ògiri ló ń rojọ́ rẹ̀, àbí kẹ̀, onílé ti ti fèrèsé nítorí ẹ̀fọn, àwòṣe sì rò pé ó ṣí sílẹ̀. Àṣìṣe ìdájí, ẹ wo bí páànù ṣe ń tú ooru rẹ̀ sójú ọ̀run. Ti aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ẹ lọ wo ògiri ìlà-oòrùn, bóyá etí òrùlé gùn tó láti ṣíji bò ó. Ibí yìí ni àwọn òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí Àreògún gbẹ́ máa ń gbà mí lọ́kàn. Àwọn mùsíọ́ọ̀mù gbé irú wọn kalẹ̀ bí ère lásán, ṣùgbọ́n etí òrùlé ni irú òpó bẹ́ẹ̀ ń gbé ró, òjìji ara ògiri sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ tún wo ère Ẹpa tí Bámigbóyè, agbẹ́gilére ará Odò-Ọ̀wà, ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, gbẹ́, èyí tí Yunifásítì Yale pàtẹ ní 2022: ọ̀pọ̀ ère lórí ara wọn, láti inú igi kan ṣoṣo. Bí ọwọ́ bá ṣìnà nígbà àlétúnlé, kò síbi tí ẹni tó jókòó sókè yóò fi ẹsẹ̀ sí, ọ̀bẹ kò sì lè tún un ṣe mọ́.

Àwọn kan á ní òṣùwọ̀n ti wà. Òótọ́ ni: Guideline 14 ti ẹgbẹ́ ASHRAE fàyè gba àṣìṣe wákàtí-dé-wákàtí tí kò bá ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Agbára iná tí ilé ń jẹ ni wọ́n ṣe é fún, àwọn ènìyàn wá gbé e lọ bá ooru yàrá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó wò. Ká ní ooru yàrá kan ń lọ láti dígírì 24 ní ìdájí dé 32 ní ọ̀sán. Àwòṣe ọ̀lẹ tó ń pariwo 28 tọ̀sán-tòru, àṣìṣe rẹ̀ kò ju bíi ìdá 10 lọ. Ó ti yege nìyẹn! Ẹni tó ń làágùn nínú yàrá náà kò sí lára àwọn tó máàkì ìdánwò.

Wọ́n á tún ní ọgbọ́n àtọwọ́dá gan-an lè ṣe àlétúnlé. Mo gbà bẹ́ẹ̀, tọwọ́tẹsẹ̀ ni mo sì fi gbà á. Láti 2001 ni Kennedy àti O'Hagan ti fi hàn bí a ṣe lè fi àwòṣe tó yára rọ́pò èyí tó lọ́ra, kí á fi wá ohun tó bá àkọsílẹ̀ mu jù lọ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n àṣìṣe méjì lè bo ara wọn láṣìírí: òrùlé tí a rò pé ó ń gba oòrùn jù, àti atẹ́gùn tí a rò pé ó ń wọlé jù, á jọ fúnni ní ìdáhùn tó jọ òótọ́. Ojú tó dé ibẹ̀ nìkan ló lè yà wọ́n. Fèrèsé gíláàsì alálọ́lábọ̀ tí ọ̀pọ̀ bíríkìlà ń fi sílé báyìí nítorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n, ìdajì rẹ̀ péré ló ń ṣí. Síbẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ àwòṣe, odidi ni wọ́n ṣí i. Ẹni tó bá sì sọ pé ilé amọ̀ ń tán lọ, pé kí á má yọ ara wa lẹ́nu mọ́, kí ó wo ilé búlọ́ọ̀kù tí kò ní àjà lábẹ́ páànù tín-ín-rín tó ń rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló nílò àyẹ̀wò jù.

Fáìlì ojú ọjọ́ tí àwòṣe ń kà ńkọ́? Ti Ìlọrin ni wọ́n sábà máa ń yá fún Òsì, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ilẹ̀ olókè àti ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Nítorí náà, bí àwòṣe bá tiẹ̀ bá tẹ̀mómítà mu ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ má tíì gbé tẹ̀mómítà kúrò. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí ọyẹ́ yóò fi dé, tí afẹ́fẹ́ yóò gbẹ, tí páànù yóò tutù ju afẹ́fẹ́ òde lọ lóru. Kí ẹ wá wo aago tí àwòṣe yóò ti kọ́kọ́ ṣìnà.