Ọwọ́ Tó Mọ Ọ́ìlì Dífù

Àwọn mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù ní Ìwó yẹ lẹ́ni à ń kí kú iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó ń ru yanrìn àti sìmẹ́ǹtì lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Òṣogbo kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Ti dífù, ìyẹn àpótí jíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn, ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í gbàgbé. Ìgbà tí ọ́ìlì ṣì gbóná ló ń dà á, kó lè gbé ìdọ̀tí dání. Nọ́ọ̀tì òkè tí a ń gbà rọ ọ́ìlì ló kọ́kọ́ ń tú, kó má baà da ti àtijọ́ nù tán kó tó rí i pé tòkè ti há. Lẹ́yìn náà ló ń yẹ mágínẹ́ẹ̀tì ara nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ wò: ẹ̀rún irin tó kúnná kò burú; bó bá ti di wóró-wóró, eyín jíà ti ń kán. Bí ọ́ìlì bá funfun bí mílíìkì, omi ti wọlé, torí dífù gbígbóná tó bá wọ àgbàrá a máa fa omi gba ihò èémí rẹ̀. Kíá ni kí a pààrọ̀ ọ́ìlì náà.

Iye kìlómítà tí ìwé ọkọ̀ sọ pé kí a fi pààrọ̀ ọ́ìlì dára, ṣùgbọ́n ẹrù wúwo àti ẹrẹ̀ ń dín in kù. Ẹ gbọ́ràn sí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, kí ẹ sì sanwó rẹ̀ pé: owó ọ́ìlì kò tó owó jíà tuntun.